Ta Ló Ni Ohun Tó Já Bọ́ Láti Ojú Ọ̀run? Àyẹ̀wò Èdè Òfin lórí Ọkọ̀ Àwọn Ẹ̀dá Ayé Mìíràn

1. Ìfáàrà

Bí ọkọ̀ kan tí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ aráyé ni ó kàn án bá já bọ́ láti ojú ọ̀run sí orí ilẹ̀, ta ni òfin yóò sọ pé ó ni ín? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àlọ́ létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹ̀rí kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di òní pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti balẹ̀ rí. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àbá òfin kan tó sọ ẹni tí yóò gba irú ohun bẹ́ẹ̀ bí ó bá wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé inú òfin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ mọ́. Ìwé kíkọ ni òfin. Èdè ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èdè a sì máa tú àṣírí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kà sí àti ohun tí kò kà sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe, nítorí náà, ni láti fi ojú aṣelámèyítọ́ wo èdè àwọn ìwé òfin tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Àwọn ìwé náà ni ìdájọ́ méjì tó wáyé ní Amẹ́ríkà lórí òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run (1892 àti 1905), àdéhùn méjì tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (1967 àti 1968), àti àbá òfin 2023 fúnra rẹ̀. Ìdájọ́ kan tó jáde ní 1921 lórí ilẹ̀ Apápá ní Èkó yóò dúró gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún gbogbo wọn. Kókó tí iṣẹ́ yìí dì mú ni pé àwọn ìwé wọ̀nyí béèrè ẹni tó ni nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà, tó sì ni ín kí ó tó já bọ́, kò sí nínú gbólóhùn wọn.

2. He, wà lọ́wọ́, ni

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ ní yíyà sọ́tọ̀ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni "he". Ẹni tó rí owó lójú ọ̀nà tó sì bẹ̀rẹ̀ mú un, ó he é ni. Ìkejì ni "wà lọ́wọ́". Ohun tí ẹnì kan yá, ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ọ, àti ohun tí ó jí pàápàá, gbogbo wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta ni "ni" olóhùn àárín, tó yàtọ̀ sí "ní" olóhùn òkè. "Ó ní ọkọ̀" ń sọ nípa ènìyàn. Ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. "Òun ló ni ọkọ̀ yìí" ń sọ nípa ọkọ̀. Ó ń parí ìjà. Ìbéèrè "ta ló ni ín?" kì í sábà jáde lẹ́nu ènìyàn àfi níbi tí ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó ni ín bá lè yàtọ̀ síra.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà fún bí nǹkan ṣe ń kúrò lọ́wọ́ olóhun. Ó lè já bọ́. Ó lè sọ nù. Olóhun sì lè pa á tì. Kò sí ìfẹ́ inú olóhun nínú jíjábọ́, kò sì sí nínú sísọnù. Pípatì nìkan ni olóhun ń fi ọkàn ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí a pa tì lè di ti ẹni tó he é. Ohun tó já bọ́ kò tíì di ohun tí a pa tì. Òwe kan gbé ìyàtọ̀ yìí kalẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀: "Ẹni tó rí nǹkan he bá fẹ́ kú torí rẹ̀, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe?" Òwe náà kò sọ pé kí ẹni tó he nǹkan má mú un. Ohun tó sọ ni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ú lọ, bí ẹni náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

Òwe yìí ni wàhálà gbogbo àwọn ìwé tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó sọ nǹkan nù kò sí ní kọ́ọ̀tù. Ǹjẹ́ èdè òfin lè rí i?

3. Ẹdùn àrá

Ọ̀rọ̀ ohun tó ti òkè já bọ́ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí àrá bá sán lu ilé ní ayé àtijọ́, wọn kì í sọ pé òkúta tí wọ́n bá wú jáde níbẹ̀ jẹ́ ti onílé. Ẹdùn àrá ni. Ṣàngó ló sọ ọ́, Ṣàngó ló ni ín. Àwọn oníṣàngó ni yóò wá wú u, àwọn náà ni yóò sì gbé e lọ sí ojúbọ. Àwọn onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti fi yéni pé púpọ̀ nínú àwọn òkúta wọ̀nyí jẹ́ àáké tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ gbẹ́, tí ilẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀. Èyí kò yí ìlànà inú àṣà náà padà. Ìlànà náà ni pé sísọ̀kalẹ̀ láti òkè kò já okùn tó wà láàrin nǹkan àti ẹni tó sọ ọ́.

Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, ṣàpèjúwe bí àwọn olùsìn Ṣàngó ṣe máa ń ya wọ ilé tí àrá bá bà, tí wọn a kó ẹrù inú rẹ̀, tí wọn a sì bu owó ìtánràn ńlá lé onílé. Olóhun tó wà lókè kò sọ̀kalẹ̀ wá gba nǹkan kan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀ ni àpò wọn ń kún. Nítorí náà, kíkà tí àṣà ka olóhun tí kò sí níbẹ̀ sí kò tó. Ó tún yẹ kí a bi ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ léèrè èrè tí ń bọ̀ wá sí ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí yóò wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba òde òní.

4. Òkúta tí kò ní alágbẹ̀dẹ

Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1890, òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí orí pápá koríko ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó kílógíráàmù 30. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà, Goddard, ti fi pápá náà yá ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan wú òkúta náà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó yá ilẹ̀, ó sì tà á fún Winchell ní dọ́là 105. Goddard pẹjọ́. Ní 1892, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá a láre. Wọ́n ní òkúta tó bá já bọ́ láti ojú ọ̀run, tó sì rì sínú ilẹ̀, ti di ara ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí yanrìn tí odò gbé wá ṣe ń di ara bèbè. Ẹni tó bá lẹrú ló lẹrù, ni Yorùbá ì bá wí: ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ohun tó bọ́ sínú ilẹ̀.

Ìdájọ́ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1902, Ellis Hughes rí òkúta irin kan tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 14 lọ ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ irin kan. Ó fi oṣù bíi mélòó kan wọ́ ọ lọ sí orí ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pè é lẹ́jọ́, àwọn tó gbèjà Hughes mú ẹlẹ́rìí wá láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n jẹ́rìí pé ohun mímọ́ ni òkúta náà jẹ́ fún àwọn Clackamas. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rí náà fà yọ ni pé àwọn Clackamas ló ni ín, wọ́n ti pa á tì, Hughes sì he é. Ní 1905, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Oregon kọ àlàyé yìí, ó sì dá ilé-iṣẹ́ irin láre.

Ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tó ń bọ òkúta náà wọ inú ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé gẹ́gẹ́ bí olóhun. Wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé olóhun ti lọ. Ẹnu wọn ni wọ́n lò láti fi sọ pé wọn kò sí mọ́. Òkúta náà bọ́ sí ilé ìṣúra kan ní New York, ó sì di ọdún 2000 kí ilé ìṣúra náà tó bá ìjọba àwọn Grand Ronde, tí àwọn Clackamas wà lára wọn, ṣe àdéhùn tó fún wọn láyè láti máa wá ṣe ètò ìsìn wọn lọ́dọọdún níwájú òkúta tí wọ́n ń pè ní Tomanowos. Ọdún 95 ló wà láàrin ìdájọ́ náà àti àdéhùn yìí.

Ṣé ìlànà Iowa lè mú ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn? Àwọn kan lè rò bẹ́ẹ̀, nítorí òkè ni àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ìdí tí òkúta fi lè di ara ilẹ̀ ni pé kò ní alágbẹ̀dẹ. Kò sí ẹni tó rọ ọ́, kò sí ẹni tó ń wá a. Ọkọ̀, nípa pé ó jẹ́ ọkọ̀, ń jẹ́rìí sí ẹni tó kàn án. Bí bàálù bá já lulẹ̀ sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí adájọ́ tí yóò sọ pé bàálù ti di ara oko. Ohun tó mú ìlànà Iowa bọ́gbọ́n mu fún òkúta gan-an ni kò jẹ́ kí ó bá ọkọ̀ mu.

5. Àdéhùn 1967 àti 1968

Àdéhùn lórí ojú ọ̀run tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1967 súnmọ́ ìlànà ẹdùn àrá ju ti Iowa lọ. Ẹsẹ kẹjọ rẹ̀ sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run, níní tí ẹni tó ni ín ni ín kò yí padà nítorí pé ó wà lójú ọ̀run tàbí nítorí pé ó padà sí ilé ayé. Àdéhùn tó tẹ̀lé e ní 1968 ṣàlàyé ohun tí ẹni tí nǹkan náà já bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó ránṣẹ́ sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti sí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí ó sì dá nǹkan náà padà bí olóhun bá béèrè rẹ̀. Olóhun ni yóò san owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀.

Ìṣe ti fi hàn pé ìlànà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí sátẹ́láìtì Kosmos 954, tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́, já bọ́ sí àríwá Kánádà ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1978, tó sì tú ohun olóró inú rẹ̀ ká sórí yìnyín, Kánádà kò sọ pé àfọ́kù náà di ti òun. Owó ìtọ́jú ni ó béèrè, mílíọ̀nù 6 dọ́là Kánádà ó lé díẹ̀, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì sì gbà ní 1981 láti san mílíọ̀nù 3. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀run Skylab ti Amẹ́ríkà fọ́ sórí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ní oṣù keje ọdún 1979, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ṣa àfọ́kù rẹ̀, ó gbé e lọ sí San Francisco, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan sì fún un ní 10,000 dọ́là tí wọ́n ti ṣèlérí fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un wá. Ẹ̀bùn fún ẹni tó he nǹkan ni èyí. Kò sọ ọ́ di olóhun.

Níbo wá ni àdéhùn náà ti kùnà? Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ tó fi pe olóhun ni. "Ẹni tó fi í ránṣẹ́" nínú ìwé 1968 ní ìtumọ̀ pàtó: orílẹ̀-èdè, tàbí àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀. Kò sí ẹnìkẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ kẹjọ ìwé 1967 ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tó wà nínú ìwé orúkọ orílẹ̀-èdè kan tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni kò ní ibi tí yóò dúró sí nínú gbólóhùn náà. Kì í ṣe pé àdéhùn náà sọ pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní olóhun. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ nípa olóhun, ó wá fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ aráyé. A kò lè bá àwọn tó kọ ọ́ wí jù fún èyí. Wọn kò ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà níbẹ̀ ni àbá òfin 2023 gbà wọlé.

6. Àbá òfin 2023

Kí ó tó di 2023, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ní agbára ń kó nǹkan lọ láìkọ òfin kankan. Ní 1947, darandaran kan rí àfọ́kù nǹkan káàkiri ilẹ̀ ìjẹko nítòsí Roswell ní New Mexico. Ó sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, ọ̀gá ọlọ́pàá sọ fún àwọn ológun, àwọn ológun sì kó o lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, wọ́n kéde pé àwo tó ń fò ló bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tún sọ pé bàlúùnù ojú ọjọ́ ni. Ní 1994, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bàlúùnù iṣẹ́ àṣírí kan ni, tí wọ́n ń pè ní Mogul, tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí ìdánwò bọ́ǹbù Sófíẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba gba ohun tirẹ̀ padà ni, kò sì sí ẹ̀sùn. Ohun tó gba àfiyèsí ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n pè é ní àwo tó ń fò, tí àwọn ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀, kíkó náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbogbo ayé béèrè ohun tó jẹ́. Ìbéèrè ẹni tó ni ín kò sí nínú ariwo ọjọ́ náà.

Ní oṣù keje ọdún 2023, Chuck Schumer àti Mike Rounds gbé àbá òfin kan wá sí Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àfikún sí òfin ìnáwó ààbò ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́gbẹ́ òfin 1992 lórí ìwé àṣírí ikú Ààrẹ Kennedy ni wọ́n mú un ṣe. Àbá náà fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án máa yẹ ìwé àṣírí wò. Ó tún fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ohun èlò tí orísun rẹ̀ kò yéni, àti ohunkóhun tó jẹ́ ẹ̀rí ara ẹ̀dá olóye tí kì í ṣe ènìyàn, tó bá wà lọ́wọ́ aládàáni. Ọ̀nà tí yóò fi gbà á ni èyí tí ìjọba ń gbà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Nígbà tí òfin náà fi máa jáde ní oṣù kejìlá, wọ́n ti yọ ìgbìmọ̀ náà àti agbára láti gba nǹkan kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a wo irinṣẹ́ tí àbá náà yàn. Gbígbà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìjọba kì í fi í gba ohun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àbá náà, bí ó ti ń fẹ́ gba nǹkan náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ti kọ́kọ́ gbà láìsọ ọ́ síta pé ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tó ṣeé gbà. Àríyànjiyàn náà di ti ẹni méjì: ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀wẹ̀, àbá kan náà yìí pe ẹni tó ṣe nǹkan náà ní ẹ̀dá olóye. Ó gbà pé ó wà, ó gbà pé ó lóye, ó tilẹ̀ ka òkú rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n máa gbà. Ibì kan ṣoṣo tí kò ti gbà á ni ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀tọ́. Nínú ìwé kan náà, ẹ̀dá náà lóye tó láti kan ọkọ̀, kò sì tó láti ni ín.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sídìí fún àríyànjiyàn lórí ohun tí kò sí. Òótọ́ ni pé ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí kéde ní oṣù kẹta ọdún 2024 pé òun kò rí ẹ̀rí pé ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà kò bá sí, èdè òfin náà wà. Ó sì jọ èdè kan tí àwọn ará Èkó ti gbọ́ rí.

7. Ẹjọ́ Apápá

Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ní 1913, ìjọba náà gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Irinṣẹ́ àbá 2023 gan-an nìyẹn. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ Èkó, béèrè owó ilẹ̀ fún ìdílé àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ yìí dá a lóhùn pé agbára àbójútó ló ní, kì í ṣe ilẹ̀. Owó àbójútó nìkan ni ó tọ́ sí i. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá Olóyè náà lọ síbẹ̀ ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dá Olóyè Olúwa láre: ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn kò parẹ́ nítorí pé ìjọba mìíràn gba ìlú, owó ilẹ̀ gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ san.

Ohun tó mú ìdájọ́ yìí ṣe òṣùwọ̀n ni àlàyé tí Viscount Haldane ṣe nínú rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ níní àwọn ẹlòmíràn, bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè ni nǹkan. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bí àwọn ènìyàn náà fúnra wọn ṣe ń ni nǹkan. Ìkìlọ̀ nípa èdè ni èyí. Àṣìṣe àwọn ilé ẹjọ́ ìṣáájú kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé Olóyè Olúwa wà. Ó dúró níwájú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún "olóhun" kéré jù láti gbà á.

Ìyàtọ̀ wà láàrin Olóyè Olúwa àti ẹ̀dá ayé mìíràn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀. Ènìyàn ni Olóyè Olúwa. Ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ó lè gba agbẹjọ́rò. Àwọn Clackamas pẹ̀lú jẹ́ ènìyàn. Àwọn ọmọ ènìyàn yìí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ. Bí òfin bá kọ́ láti máa ka ẹni tí kò rí sí ẹni tí kò sí, kì í ṣe orí ẹ̀dá ojú ọ̀run nìkan ni yóò ti lo ẹ̀kọ́ náà. Ó ti lò ó lórí ilẹ̀ Apápá àti lórí òkúta Oregon kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwo tó ń fò.

8. Ohun tí olùtọ́jú lè ṣe

Ṣé kí wọ́n wá fi ọkọ̀ tó já bọ́ sílẹ̀ nínú igbó títí olóhun yóò fi dé? Rárá. Ọ̀rọ̀ Kosmos 954 fi hàn pé ohun tó já bọ́ lè pa ènìyàn lára. Ìjọba ilẹ̀ tó bọ́ sí gbọ́dọ̀ ní agbára láti kó o, láti dáàbò bo àwọn ará ìlú, àti láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n agbára yìí kò ju "wà lọ́wọ́" lọ. Òfin ọkọ̀ ojú omi ti mọ èyí fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó gba ẹrù là lójú omi ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́. Ẹrù ṣì jẹ́ ti olóhun. Ọjọ́ pípẹ́ nìkan kì í já a. Ọkọ̀ La Galga ti ilẹ̀ Sípéènì rì nítòsí Virginia ní 1750, Juno sì rì ní 1802. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan rí wọn tó sì fẹ́ gbà wọ́n, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan sọ ní ọdún 2000 pé Sípéènì ló ṣì ni méjèèjì, nítorí kò fìgbà kan sọ pé òun pa wọ́n tì.

Ọ̀tá pàápàá kò pàdánù ẹ̀tọ́ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, awakọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì kan sá gbé bàálù ogun MiG-25 lọ sí Hakodate ní Jàpáànù. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, lẹ́yìn náà wọ́n kó o sínú àpótí, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé àwọn ló ni bàálù náà. Àyẹ̀wò àti níní kì í ṣe ohun kan náà.

Ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, òkúta kan tó tó kílógíráàmù 18 já bọ́ sí oko àgbẹ̀ kan ní Zagami, ní agbègbè Katsina, nígbà tí àgbẹ̀ náà ń lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé láti ara Mars ni òkúta náà ti wá. Lónìí, ọwọ́ ilé ìṣúra àti àwọn tó ń ra irú òkúta bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ni àfọ́kù rẹ̀ wà. Bí ó bá ṣe pé ọkọ̀ ni, òfin ilẹ̀ wo ni ì bá dì í mú? Òfin lórí lílo ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ó sọ pé kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Èdè olùtọ́jú nìyẹn, bí ìlò rẹ̀ tilẹ̀ ń fa àríyànjiyàn. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀ràn yìí ń wá ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé kò sí ìwé kankan nínú àwọn tó wà lókè tó sọ ẹni tó he ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn di olóhun. Ìlànà Iowa wà fún òkúta tí kò ní alágbẹ̀dẹ. Àdéhùn 1967 àti 1968 mọ̀ pé jíjábọ́ kì í ja níní, ṣùgbọ́n wọ́n fún olóhun ní ìtumọ̀ tó há jù. Àbá 2023 gba olóye gbọ́, kò sì fún un ní ipò kankan. Ìdájọ́ Apápá nìkan ló kọ́ òfin láti bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà ní àkọlé, nígbà náà, ni pé ẹni tó kan ọkọ̀ ló ni ín, títí yóò fi hàn pé ó ti pa á tì. Ìjọba ilẹ̀ tó já bọ́ sí jẹ́ olùtọ́jú. Onílẹ̀ tí oko rẹ̀ bàjẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àwọn oníṣàngó kò gbọ́dọ̀ di ìgbàgbé: ẹni tó ń ṣọ́ ohun olóhun tí kò sí nílé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà tí èrè rẹ̀ ń wọ àpò rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bi í. Àdéhùn 1968 ti ní ilẹ̀kùn kan fún èyí. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ àti sí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Níbi tí a kò bá ti mọ ẹni àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó yẹ ní jíjẹ́ fún ẹnì kejì ṣì wà. Bí àwọn orílẹ̀-èdè bá tún ìwé náà kọ, ìyípadà tó yẹ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ìtumọ̀ "ẹni tó fi í ránṣẹ́" má parí sórí orílẹ̀-èdè, kí Akọ̀wé Àgbà sì máa gba ìṣirò ohun tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú títí olóhun yóò fi hàn.